Ìgbà Tí Mo Kọ Oúnjẹ Ìyá Mi

Ẹ máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ayé dùn nígbà tí owó epo rọ̀bì dé. Ẹ bi mí léèrè. Ní Ìsọlọ̀ tí a wà, àwọn kan ń ra mọ́tò tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ilé yàrá mẹ́wàá tí a ń gbé, kànga kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń pọn, ṣáláńgá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Onígbáméjì ló tẹ̀yìn ẹ̀ yọ.

Obìnrin tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwa ló kọ́kọ́ pa. Òwúrọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó ń yàgbẹ́ bí omi; kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti kú. Láńlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n pe wolé-wolé kí wọ́n wá gbé òkú lọ, kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìwẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa tí wọ́n máa ń wẹ òkú obìnrin, kò sí èyí tó yọjú. Orí ń fọ́ ọ̀kan, èkejì ti lọ ra ọjà ní Òṣòdì. Ọjà o!

Ìyá mi ní àwọn á wẹ òkú náà.

Bẹ́ẹ̀ ìyá mi àti obìnrin náà kì í kí ara wọn. Okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ló dìjà. Èmi ti jáde ìwé mẹ́fà, mo sì ti gbọ́ lórí rédíò pé kòkòrò àìsàn náà máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹni. Mo di aṣọ wọn mú. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọbẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?”

“Tí mo bá kú, wàá wẹ̀ mí,” wọ́n ní. “Tó o bá wẹ̀ mí bó o ṣe ń fọ abọ́, mà á jí dìde, mà á gbá ẹ létí.”

Mi ò rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Wọ́n ká aṣọ sókè. Wọ́n ní “Bísímílááhì”, wọ́n wọlé.

Èmi ló yẹ kí n wọlé máa bu omi fún wọn. Mi ò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo faṣọ bo imú, mo ń fẹsẹ̀ ti garawa omi gbígbóná sí wọn. Mo ń gbọ́ ohùn wọn, wọ́n ń bá òkú sọ̀rọ̀: “Obìnrin yìí, o bá mi jà títí, òní lo wá dákẹ́. Ó dáa, yí padà, jàre.” Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún. Wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń wẹ òkú lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ààfáà ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín.

Ìyá mi wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n sun aṣọ tí wọ́n wọ̀, wọ́n wá se ìrẹsì, wọ́n bu tèmi síwájú mi. Mo ní ebi ò pa mí. Irọ́ ni, ebi ń pa mí kú lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo ní inú ń run mí, mo wá lọ ra búrẹ́dì jẹ níkọ̀kọ̀. Mo tún gbé ẹní mi lọ sídìí fèrèsé, kí n má bàa sún mọ́ wọn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni mí o. Wọ́n kàn ń wò mí ni.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ti ibi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ dé lọ́sàn-án, mo bá abọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, wọ́n fi ọmọrí dé e. Ìyá mi jókòó sí ọ̀ọ́kán, wọ́n jìnnà sí abọ́ náà dáadáa. Wọ́n ní ìyàwó ilé kejì làwọn bẹ̀ tó bá àwọn se é, ìkòkò tiẹ̀ ló lò, omi tiẹ̀ náà ni, òun fúnra ẹ̀ ló sì gbé e síbẹ̀.

“Ọwọ́ mi ò kàn án,” wọ́n ní. “Jẹun, ọmọ mi.”

Àìsàn náà ò mú wọn. Wọ́n pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò wọ́n. Ó yẹ kí n fi abọ́ yẹn sílẹ̀, kí n lọ dì mọ́ wọn. Mo jókòó, mo ṣí ọmọrí, mo sì jẹ ẹ́ tán lójú wọn.