Orúkọ Tí Wọ́n Pè ní Fèrèsé Owó

Kíkẹ́lọmọ kì í lè jókòó pẹ́. Ní ọ́fíìsì owó oṣù ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Àpápá, á dìde, á yọjú lójú fèrèsé, á jókòó, á tún dìde. Àwọn ọkùnrin tó ń já ẹrù máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé èèrà wà lórí àga rẹ̀. Àmọ́ bó bá di ọjọ́ owó, yẹ̀yẹ́ tán, torí òun ló mọ gbogbo wọn lójú, òun ló sì ń na àpòòwé owó sí wọn láti ojú fèrèsé.

Lọ́dún 1991, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán tó jẹ́ ọ̀gá ìṣirò kéde pé ilé iṣẹ́ kan láti Marina ni yóò máa bá wọn ṣe owó oṣù báyìí. Kọ̀ǹpútà làwọn yẹn ń lò. Reuben, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rán wá, ní kí Kíkẹ́lọmọ buwọ́ lu iwájú orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé òun mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí ayédèrú òṣìṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á mú Kíkẹ́lọmọ náà lọ ṣiṣẹ́ ní Marina. Inú Kíkẹ́lọmọ dùn dé góńgó. Ẹrọ̀fọ̀ Ajégúnlẹ̀ tó ń là kọjá lọ síbi iṣẹ́ ti sú u pátápátá.

Bó ṣe kan orúkọ Monday ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Monday gan-an, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń já ẹrù, ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ láti ọdún 1982, kò sì padà. Raphael àbúrò rẹ̀ ló mú káàdì iṣẹ́ rẹ̀ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, tó sì ń já ẹrù lórúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ látìgbà náà. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Lágbègbè èbúté nígbà yẹn, ẹni tó bá níṣẹ́ kì í jẹ́ kó jáde nínú ẹbí. Fọ́máànù mọ̀. Kíkẹ́lọmọ náà mọ̀, torí ìjọ kan náà lòun àti Raphael jọ ń lọ ní Àmúkòkò. Níbẹ̀ ó ń pè é ní Raphael. Níbi iṣẹ́, Monday ni.

Raphael wá bá a lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sàìn ín. Na this work my pikin dey chop."

Kíkẹ́lọmọ bá a buwọ́ lù ú. Látìgbà náà, ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, á fò dìde. Ó ń rò ó pé bí àwọn ará Marina bá jágbọ́n ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀wọ̀n Kirikiri ni wọn yóò kó àwọn méjèèjì lọ. Ká sòótọ́, iṣẹ́ Marina náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kò bi Raphael léèrè. Ó ṣáà gba ọ́fíìsì Ọlábímtán lọ, ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní bí wọ́n bá fi orúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tán síbẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n yọ Monday kúrò, wọ́n gba Raphael bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo ọdún tó ti ṣe wọgbó. Ọlábímtán bi Kíkẹ́lọmọ pé kí ló dé tó fi ń mọ̀ọ́mọ̀ sanwó fún ẹni tí kò sí, ó sì gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rù pé kó máa ṣọ́ àpò ìyẹ̀fun. Marina di àlá. Raphael kò sì kí i mọ́. Kò bá a jà. Bó bá ti rí i, ibòmíì ló ń wò, èyí sì dun Kíkẹ́lọmọ ju èébú lọ.

Nígbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ láti Marina dé, Reuben ló dúró lójú fèrèsé. Ìwé ló ń wò, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó pe Raphael. Ó tún un pè. Ọkùnrin náà wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ ṣì ń retí Monday, orúkọ tó ti ń jẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Reuben ní owó ẹni tí kò bá dáhùn yóò padà sí Marina, ó sì na ọwọ́ sí àpòòwé náà láti gbé e sẹ́yìn.

Kíkẹ́lọmọ gbọ́ ìpè náà, ó sáré jáde nílé ìkẹ́rù, ìyẹ̀fun lára rẹ̀. "Monday!" ló ké.

Raphael yíjú padà wò ó.

"Raphael, ìwọ ni wọ́n ń pè," ni Kíkẹ́lọmọ wí. "Lọ gba owó ẹ."