Bí Fáàrí Ṣe Wo Ọmọ Rẹ̀ Lọ́jọ́ Kan

Mi ò fẹ́ràn Fáàrí rárá, mi ò sì ní purọ́ fún yín. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ń gẹrun fún èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí yàrá mi. Dígí ńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí kì í yẹ ara rẹ̀ wò nínú wọn kí oníbàárà tó jókòó. Nígbà tí ọmọ dé lọ́dún tó kọjá, ó fín orúkọ ọmọ náà sí apá rẹ̀ gàdàgbà. Ẹ bá mi bi í bóyá ó ti fọ ìlédìí rẹ̀ kan rí.

Ìyá ọmọ náà ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, òun náà ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Yàrá kan tó ń jò ni òun àti ìyá rẹ̀ àgbà ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Àwọn méjì ló bí tiwọn, ẹ̀yìn ẹnì kan ṣoṣo lọmọ ń gbé. Tí mo bá bá Fáàrí wí, á mí kanlẹ̀, á ní, "Àǹtí, ìṣẹ́ ni. Ẹ̀bi ìjọba ni." Ìṣẹ́ ń bá gbogbo wa fínra ládùúgbò yìí, mi ò tíì rí ẹni tó dì lọ́wọ́ pé kó má gbé ọmọ rẹ̀. Àwọn kan á tún ní kí n fi í sílẹ̀, pé ọmọdé ni. Ọmọdé wo? Ọmọdé tó mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bímọ!

Ọjọ́ ìdánwò ọmọbìnrin náà wá dé. Lójú ọ̀gá rẹ̀ ni yóò ti gé kóòtù, yóò rán an, yóò sì lọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá parí ẹ̀, ó di kó tún lo odidi ọdún kan sí i lábẹ́ ọ̀gá, kó tó lè máa ránṣọ fún ara rẹ̀. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí ọmọ wọ ṣọ́ọ̀bù, nítorí abẹ́rẹ́ àti áyọ́ọ̀nù. Ìyá àgbà ti lọ fọṣọ nílé onílé. Ni ọmọbìnrin náà bá gbé ọmọ fún Fáàrí.

"Ọjọ́ kan péré ni mo bẹ̀ ẹ́ fún," ló wí.

"Ṣé èmi kọ́ ni bàbá ẹ̀ ni? Lọ jàre, fọkàn balẹ̀."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọmọ sunkún díẹ̀, oníbàárà fajú ro, Fáàrí bá sáré lọ ra oògùn ikọ́ àwọn àgbàlagbà. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó máa ń múni sùn. Ìdérí ìgò ló dà á sí, ó rọ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ńṣì, ó padà sídìí kílípà rẹ̀. Ó tún ń fi yangàn: "Ẹ wò ó, ọmọ tèmi kì í yọ èèyàn lẹ́nu."

Nígbà tí mo yà wò wọ́n lọ́sàn-án, ara ọmọ ti rọ bí aṣọ tútù. Mo gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀, kò mira. Mo gbé e, mo sáré lọ sí ọsibítù, Fáàrí ń tẹ̀lé mi, oníbàárà kan sì lọ pe ìyá ọmọ níbi ìdánwò. Apá òsì kóòtù ló kù tí kò tíì rán. Ó jù ú sílẹ̀ lórí máṣíìnì, kò tiẹ̀ rántí bàtà.

Nọ́ọ̀sì bi Fáàrí pé kí lọmọ mu. Ó wolẹ̀. "Ìyá ẹ̀ ló mọ̀, mà. Ọwọ́ ẹ̀ ló máa ń wà."

Ó kó mi nírìíra. Ọmọ rẹ̀ ń wá èémí, òun ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ọmọbìnrin náà ò bá a jà. Ìgò oògùn náà ti mú àpò ṣòkòtò Fáàrí wú, ó kàn fa ìgò yọ, ó gbé e fún nọ́ọ̀sì.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ọmọ tó lajú, tó ké. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀gá télọ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ti lọ sílé. Ìyá ọmọ gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún.

Fáàrí na ara, ẹ̀rín ti padà sẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Mo ní ó kàn ń sùn ni." Ó gbọ́wọ́ lé ọmọbìnrin náà léjìká. "Má sunkún mọ́. Ṣebí ọdún tó ń bọ̀ wà níbẹ̀? Èmi náà ni màá tún bá ẹ wò ó."