Àdúrà Kúkúrú Ìyá Ìjọ

Láàárọ̀ yìí, mo fi òrí pa ọmọ mi lára nítorí ibà. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí Ṣakí, sí ọ̀sán tí gìrì mú àbúrò mi.

Ìyá Ìjọ, ẹni tó dàgbà jù lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, fi òrí pa á níwájú. “Jésù, ọmọ rẹ nìyí. Àmín.”

“Ìyá, ó ti tán?” ni màmá mi béèrè.

“Ọlọ́run ò dití. Pọ̀n ọ́n, ká bá dókítà kó tó lọ. Màá gba ìyókù àdúrà lọ́nà.”

Inú bí mi pé ó ṣahun àdúrà. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ méjì kú níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà gígùn lé wọn lórí.

Àbúrò mi yẹn náà ló ń wakọ̀ bọ̀ yìí, láti gbé wa lọ sọ́sibítù.