Àtàǹpàkò Ọ̀gá

Ẹ wo ọkùnrin tó ń ṣọ̀gá lórí iṣẹ́ tí kò gbọ́! Aṣọ funfun báláú, ọpọlọ ṣófo.

Ẹ̀rọ kan tí kò ju ìkúùkù lọ ni wọ́n ń ṣe níléeṣẹ́ rẹ̀, òun ló máa ń mú ojú satẹ́láìtì tutù. Ooru ni ojú yẹn fi ń ríran lókè lọ́hùn-ún. Bí òun fúnra rẹ̀ bá gbóná, ooru ara rẹ̀ nìkan lá máa rí. Ọ̀gá yìí náà nìyẹn, ara rẹ̀ nìkan ló ń rí. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú ojú náà tutù ju omi dídì lọ fíìfíì.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Afínjú ló ń to ẹ̀rọ náà, ọdún kẹsàn-án rèé. Ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ìbòmú lẹ́nu. Nítorí iṣẹ́ yìí, kì í pa ìpara láàárọ̀. Ọkọ rẹ̀ a ní, "Ẹsẹ̀ rẹ funfun bíi ti ẹni tó ti inú eérú jáde." Afínjú a ní, "Má wò ó."

Lọ́jọ́ táwọn àlejò tó fẹ́ ra ẹ̀rọ dé, ọ̀gá wọlé láìwọ ìbọ̀wọ́, ìpara ń dán yinrin lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ki ìka bọnú ẹ̀rọ. "Ẹ wo bó ṣe kéré!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Ta ló gbà ẹ́ síṣẹ́ gan-an?"

Wọ́n dé e padà. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn àlejò tún wá, wọ́n so ojú mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n tàn án. Bí òtútù ṣe ń mú, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń ṣú, títí ó fi fọ́ pátápátá. Kíá, ọ̀gá ti kọ̀wé: Afínjú ló ba iṣẹ́ jẹ́, kó fọwọ́ sí i, kó máa lọ sílé.

"Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ ṣí i."

"Ṣé èmi lò ń bá jiyàn?"

"Rárá sà. Ẹ̀rọ ni mo fẹ́ bi léèrè."

Wọ́n ṣí i. Òróró ìpara ti di oru, ó fò kúrò níbi tó wà, ó lọ dì mọ́ ojú tó tutù. Ibi tó ti gbéra ṣì wà nínú ẹ̀rọ: ipa àtàǹpàkò, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bíi ṣíbí.

"Ẹ gbé tiyín síbẹ̀ ká wò ó, sà."

Ọ̀gá ti ọwọ́ méjèèjì bàpò. Àgbà inú àwọn àlejò wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó gba ìwé náà, ó fà á ya. "Arábìnrin, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Ṣé ọ̀gá bẹ Afínjú? Òun kẹ̀! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Afínjú fi fọ ẹ̀gbin ọwọ́ ọ̀gá kúrò. Àmọ́ ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Láti ìta ni ọ̀gá ti ń wo iṣẹ́ báyìí, imú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì, bí ewúrẹ́ tí wọ́n tì mọ́ta tó ń wo àgbàdo.