Ládàánì Tó Pe Góòlù ní Àkókò Ìṣínu

Nígbà tí Bayumi ké "Allahu Akbar" sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ta ni ó ń pè? Ṣé Ọlọ́run ni, àbí bọ́ọ̀lù? Mo ti gbé ìbéèrè yìí lọ bá àwọn tó kàwé jù mí lọ, mo sì ti gbé e dé orí ẹní ìkírun. Kò sí ẹni tó fún mi ní èsì tí ọkàn mi gbà. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní Dumyat, ìlú wa ní Íjíbítì, iṣẹ́ àga ni gbogbo wa fi ń jẹun. Bayumi kì í gbẹ́ ẹ. Òun ló máa ń fi ọ̀dà dán an lẹ́yìn tí àwọn káfíńtà bá ti parí, ọ̀dà náà kì í sì í kúrò ní èékánná rẹ̀ bó ti wù kó fọ ọwọ́ tó. Òun náà ni ládàánì mọ́sálásí kékeré tó wà ní àdúgbò wa. Àwọn ènìyàn ní aago, wọ́n ní fóònù, tẹlifíṣàn pàápàá máa ń pe ìrun, ṣùgbọ́n ohùn Bayumi ni wọ́n máa ń dúró dè kí wọ́n tó gbé dàbínù sẹ́nu lóṣù Ramadan. Obìnrin kan wà tó ní tí òun ò bá tíì gbọ́ Bayumi, oòrùn ò tíì wọ̀ lójú tòun.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé nígbà èwe rẹ̀, ó lọ sí Káírò láti ṣe ìdánwò ilé rédíò. Ó fẹ́ di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n ní ohùn rẹ̀ dára o, ṣùgbọ́n ohùn mọ́sálásí ni, Dumyat sì ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ padà sílé. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kan tó tó nǹkan lójú rẹ̀. Èyí ń mí bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Èyí kò mọ̀ ju igbe lọ. Èyí, ìyàwó rẹ̀ ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀ fún, kó fi wá sílẹ̀. Ọkùnrin náà kì í pẹ́ kó tó kẹ́gàn ènìyàn, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kẹ́gàn jù lọ láyé ni Fargali.

Fargali ló ni ilé kọfí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Ahun ni. Mi ò ní wá orúkọ tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Àwọn ará ìlú yòókù máa ń fi gbogbo wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará Dumyat láháwọ́, àwa náà sì máa ń fi Fargali ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wa. Ewé tíì tó sè láàárọ̀, òun náà ló máa ń bu omi lé lórí títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan, ó ké sí Bayumi, ó fi nǹkan dúdú kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ hàn án. Ó ní òun ti dá káàdì ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn padà fún wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ayé ti kúrò níbi káàdì. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ènìyàn ti ń wo bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù gbogbo ayé ló wà nínú nǹkan kékeré yìí, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ná mi ní nǹkan kan."

"Ta ló kó o síbẹ̀?"

"Mi ò bi í."

"O ò bi í. Gẹ́gẹ́ bí o ò ṣe bi ẹni tó ta àgbò Iléyá ọjọ́sí fún ẹ, tó fi jẹ́ pé eyín kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu àgbò náà."

Nǹkan kékeré náà ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Àwọn kan ní ará Rọ́ṣíà ni, àwọn kan ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka àdírẹ́sì ilé fún ọlọ́pàá. Bọ́ọ̀lù wọlé, kò yí ohùn padà. Wọ́n lé agbábọ́ọ̀lù jáde, kò yí ohùn padà. Nǹkan náà sì tún máa ń dì: gbogbo agbábọ́ọ̀lù á dúró gbagidi pẹ̀lú ẹsẹ̀ lókè, òrùka kan á máa yí láàárín tẹlifíṣàn. Èyí tó wá burú jù ni pé bọ́ọ̀lù Fargali máa ń pẹ́ dé. Shehata, tí ilé kọfí tirẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà tóóró náà, kò dá káàdì tirẹ̀ padà. Àwọn oníbàárà Shehata á ti yọ̀ tán, wọ́n á ti jókòó padà, kí góòlù náà tó dé ọ̀dọ̀ Fargali. Wọ́n á máa na ọrùn láti òdìkejì.

"Ó ti wọlé o, ẹ̀yin ará àná! Ẹ kí àná fún wa o!"

Bí àwọn oníbàárà Fargali ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, tí wọ́n ń gbé àga wọn kọjá sí ọ̀dọ̀ Shehata. Kàkà kí Fargali gba káàdì rẹ̀ padà, ọ̀dọ̀ Bayumi ló gbà lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pa ẹnu aláìlédè yẹn mọ́. Ẹ jókòó ti tẹlifíṣàn, kí ẹ máa bá wa sọ ọ́. Ohùn bíi tiyín, ta ló ní irú rẹ̀ ní Dumyat?"

Bayumi ní kó lọ wá ẹlòmíràn. Ó ní òun kì í ṣe ọ̀bọ tí wọ́n ń kó lọ sí ọjà. Ó sọ̀rọ̀ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ó wá bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kí ládàánì máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Èmi ni lẹ́mọ́mù mọ́sálásí náà. Mo ní mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kó ṣáà má purọ́, kó má sì fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré. Ó ní orúkọ Ọlọ́run kò ní jáde lẹ́nu òun níbẹ̀ láéláé. Góòlù ni òun yóò máa pe góòlù.

Ẹ wá gbọ́ Bayumi! Ilé rédíò pàdánù ènìyàn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ohùn sílẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ ẹni tí kò kánjú, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ọkàn ènìyàn á fi dé ọ̀fun. Tí òrùka bá ń yí, kò ní dákẹ́. Á máa sọ ohun tó rò pé àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ń ṣe, á gbé bọ́ọ̀lù láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, á mú kí rẹfirí bá ẹnì kan wí. Irọ́ pátápátá. Àwọn oníbàárà mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n sì fẹ́ràn irọ́ náà ju bọ́ọ̀lù lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga wọn padà láti ọ̀dọ̀ Shehata. Fargali ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn àlòkù kan, ó kọ ojú ìwo rẹ̀ sí ìgboro, kí ọ̀dọ̀ Shehata lè máa gbọ́ ọ.

Báyìí ni Ramadan ṣe bá wọn. Lọ́sàn-án Ramadan, ilé kọfí kì í ta nǹkan kan, ṣùgbọ́n Fargali kó àga síta, ó tan tẹlifíṣàn, ó ní kí àwọn ènìyàn máa fi bọ́ọ̀lù pa ebi. Ní ọjọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, bọ́ọ̀lù náà ń lọ bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Ọmọ Dumyat kan wà nínú àwọn tó ń gbá a lókè òkun, ọmọ oníṣẹ́ àga bíi tiwa. Bayumi ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, òun máa dìde, òun á lọ ṣe àlùwàlá. Ó wo aago. Ó wo tẹlifíṣàn. Ayò dọ́gba, bọ́ọ̀lù sì wà lẹ́sẹ̀ ọmọ wa. Ó tún fi ìdí lé àga.

Ìgbà náà ni òrùka bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Láti òdìkejì, ariwo bẹ́ gbàù. Àwọn ará ọ̀dọ̀ Shehata ń fò sókè. "Ẹ̀yin ará àná! Ẹ ṣì wà lánàá ni?"

Gbogbo ọ̀dọ̀ Fargali yí ojú sí Bayumi. Bayumi, tí kì í wá irọ́ tì, kò rí ọ̀kankan sọ. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ láti àárọ̀. Ọmọ Dumyat dúró nínú tẹlifíṣàn pẹ̀lú ẹsẹ̀ lókè, òrùka ń yí níwájú ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, nǹkan náà já ara rẹ̀ gbà, ẹsẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí gbogbo wọn, ó wọ inú àwọ̀n.

Ohùn Bayumi sì jáde.

Ká ní igbe ni, ì bá sàn. Kì í ṣe igbe. Ó fa "Allahu" náà gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń fà á ní Mọ́gàríbì, ó gbé e gòkè, ó yí i níbi tó ti máa ń yí i, ó wá sọ "Akbar" kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní. Ìwo gbohùngbohùn náà gbé e dé gbogbo fèrèsé.

Àwọn oníbàárà ń fò, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Bayumi nìkan ló jókòó. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀ ló gbọ́ ohun mìíràn, láti inú àwọn ilé, lókè àti nísàlẹ̀. Ó gbọ́ ṣíbí. Ṣíbí lára abọ́, ife lára tábìlì, ẹnì kan ń wúkọ́ nítorí omi tó fi ìkánjú mu.

Ó ṣì lè dákẹ́. Òun nìkan ló mọ̀ ní àkókò yẹn. Ó tún di gbohùngbohùn náà mú.

"Ẹ dúró! Ẹ má jẹun! Kò tíì tó àkókò o! Góòlù ni mo pè! Góòlù ni o, kì í ṣe ìrun!"

Màmá Fikriya, ìyá arúgbó tó ń gbé òkè ilé kọfí Shehata, yọ orí lójú fèrèsé.

"Bayumi! Ìwọ Bayumi! Mo ti gbé omi mì o! Ṣé kí n bì í fún ẹ ni?"

"Màmá, ẹ tutọ́ èyí tó wà lẹ́nu yín dànù."

"Kò sí nǹkan kan lẹ́nu mi mọ́. Inú ni ó wà. Wá bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀!"

"Ta ló tiẹ̀ gbá a wọlé?" Ẹnì kan ló béèrè bẹ́ẹ̀ láti fèrèsé mìíràn, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Fargali fa Bayumi láṣọ, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ sọ fún wọn? Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ náà ni. Ẹ ò bá kàn pè é parí."

"Kí n pè é parí?"

"Ta ni ì bá mọ̀?"

"Fargali, lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá kó gbogbo ahun jọ, ìwọ ni wọ́n máa fi ṣe lẹ́mọ́mù." Ó gbé gbohùngbohùn náà lé e lọ́wọ́, ó lọ sílé.

Èmi ni mo pe Mọ́gàríbì lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ohùn mi tó ń han bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Oòrùn wọ̀ ní àkókò rẹ̀; kò yára, kò falẹ̀. Omi tí Màmá Fikriya mu kò korò lọ́fun rẹ̀. Àwọn tó jẹun sùn dáadáa. Mo máa ń ronú sí i, mo sì máa ń tọrọ àforíjì lẹ́yìn tí mo bá ti ronú sí i tán.

Mo rò pé wọ́n á bínú sí Bayumi. Wọn ò bínú. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n sọ ọ́ ní Ládàánì Góòlù, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, Fargali sì ń fi ọ̀rọ̀ náà pe oníbàárà. Nígbà tí mo ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti san ààwẹ̀ ọjọ́ náà padà, wọ́n dá mi lóhùn kíá pé àwọn ti rí àáfà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní kò pọn dandan. Ibo ni àáfà náà ń gbé? Wọn ò bi í. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò wá ohun tí onímọ̀ sọ. Àáfà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ti rí i níbi tí Fargali ti rí bọ́ọ̀lù. Mo ní màá dá wọn lóhùn lọ́jọ́ Jímọ̀.

Bayumi kò tíì pe ìrun láti ọjọ́ náà. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ọ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Àáfà, kí ni ẹ máa sọ fún wọn lọ́la?"

"Màá sọ ohun tí apá méjèèjì wí."

"Wọ́n á mú èyí tó rọrùn."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó ń fi èékánná kan ha ọ̀dà kúrò lára èkejì. Kò wò mí.

"Tí ọjọ́ náà ò bá tó nǹkan tí wọ́n á san padà, kí ni mo ti ń pè wọ́n sí láti ọjọ́ yìí? Ẹ ṣe mí lóore kan. Ẹ má sọ ti apá méjèèjì. Ẹ ní kí wọ́n gbà á san, gbogbo wọn, títí kan Màmá Fikriya. Kí ebi pa wọ́n, kí wọ́n máa ṣépè fún mi láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹ jẹ́ kó ná wọn ní nǹkan, Àáfà. Ẹ jọ̀ọ́."