Bí Ọkọ Ìyàwó Ṣe Di Oko

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà láyé mi ni orúkọ ìlú wa. Mo na ìka bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ táípù, mi ò wo bọ́tìnì rárá, mo tẹ Àgbádárìgì wàràwàrà. Nígbà tí mo gbójú sókè, ohun tí mo rí lójú ẹ̀rọ ni "Qgbqdqrigi". Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀. Qgbqdqrigi náà ló tún jáde. Màdáàmù, ọ̀gá mi, tó dúró lẹ́yìn mi ní, "Títí, ìlú wo nìyẹn? Ṣé a ti kọjá Sèmè ni?"

Àwa ò kọjá ẹnubodè Sèmè, ẹ̀rọ ló kọjá Sèmè wá bá wa. Kútọ̀nù ló ti wá, bọ́tìnì àwọn Faransé ló sì wà lórí rẹ̀. Ibi tó yẹ kí A wà, Q ni wọ́n fi síbẹ̀, A wá lọ jókòó sí àyè Q. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bá ìka mi jà.

Ayé ìjọba ológun ni. Ọjà gbówó lórí, owó ò sí lóde, bébà àti ríbọ́ọ̀nù táípù sì di ohun tí à ń gbé jẹ́jẹ́ bí ẹyin. Àwọn táípù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Màdáàmù ní Àjárá ti gbó kọjá àtúnṣe. Èyí tí mò ń lò kò ní M mọ́, bíírò la fi ń kọ M sí gbogbo lẹ́tà tó bá jáde lára rẹ̀. Màdáàmù ti ṣiṣẹ́ tíṣà kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì lè fara da ìwé tó rí wúruwùru. Ìdí nìyẹn tó fi lọ bá Fòfó.

Fòfó ni àwọn Ègùn ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Mautin ni orúkọ tiẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ti sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n wọn. Ó ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì pẹ́ ní Kútọ̀nù, ó mọ kọ̀ǹpútà. Òun ló bá wa gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé ká fi dán iṣẹ́ wò. Bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá yọrí, Màdáàmù á rà á díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá yọrí, kí ẹ̀rọ padà sílé olówó ẹ̀. Màdáàmù ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ó ní, "Tí ẹ̀rọ yìí bá padà, mo máa ti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn táípù yìí ò lè gbé wa dé Kérésì."

Ẹ̀rù bà mí. Ìyá mi ń yan ẹja ní Ibereko, iṣẹ́ gidi sì ni, òun ló fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ yan ẹja. Ìdí ẹ̀rọ ìkọ̀wé ni mo fẹ́ jókòó sí, kí n máa gbọ́ ìró rẹ̀, kí àwọn èèyàn máa mú ọ̀rọ̀ wọn wá bá mi. Bí Màdáàmù bá ti ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ.

Ẹ̀rọ ìgbà yẹn yàtọ̀ sí ti ìsinsìnyí. Àmì lèèyàn fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí o bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan sanra kó sì dúdú, wàá fi àmì kan ṣáájú rẹ̀, ohun kan tó ṣe ṣóńṣó bíi fìlà, pẹ̀lú lẹ́tà B. Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí, wàá tún fi fìlà B mìíràn tẹ̀ lé e. Fìlà S ni ti ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀. Lójú ẹ̀rọ, àwọn àmì yẹn nìkan lo máa rí. Ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lo tó máa mọ̀ bóyá ó gbọ́ ohun tí o wí.

Lẹ́tà tí mo fi kọ́ṣẹ́, ẹgbẹ́ àwọn apẹja ni mo kọ ọ́ sí. Mo fi fìlà B ṣáájú orúkọ alága wọn, mo sì gbàgbé láti fi òmíràn sẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́tà náà dúdú láti orí alága títí dé ibi ìbuwọ́lù. Fòfó gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Títí, kí làwọn apẹja ṣe fún ọ? Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló ń pariwo!"

"Ẹ má bínú, Fòfó."

"Atansiọ́n! Ṣọ́ra! Ilẹ̀kùn ni fìlà yẹn o. Tó o bá ṣí i, tó o wọlé, tó o sì jáde, tì í."

Màdáàmù ní tirẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ríbọ́ọ̀nù tí mo fi ṣòfò ló ń wò.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ti dọ́ọ̀tì. Fòfó ní dọ́ọ̀tì tó bá bẹ̀rẹ̀ ìlà, tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri pátápátá, ìyẹn etí òsì, láìsí àlàfo níwájú rẹ̀, àṣẹ ni. Bí àpẹẹrẹ, tí a bá fẹ́ kí àwọn ìlà sún mọ́ra, a ó tẹ dọ́ọ̀tì kan àti lẹ́tà méjì, ẹ̀rọ á sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà àṣẹ yẹn fúnra rẹ̀ kò ní jáde lórí bébà, nítorí ẹ̀rọ mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Mo mi orí, mo ní ó yé mi. Ó yé mi lóòótọ́, bí ìwàásù ṣe máa ń yé ẹni tí kò tíì dẹ́ṣẹ̀ náà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wá dé. Hẹ́dímásítà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ọkọ ní Sátidé. Ó gbé ìwé ètò ìsìn wá, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ó sì na ìka sí mi bí ẹni pé mo pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́.

"Ọmọ mi, dọ́ọ̀tì abẹ́ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ pé. Yorùbá tí kò ní dọ́ọ̀tì, ìhòòhò ló wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò sí wàhálà."

Ní ti àmì ohùn, àwọn Faransé ti bá wa ṣe díẹ̀: é, è, à àti ù wà lórí bọ́tìnì wọn, a ó sì fi bíírò parí ìyókù. Ní ti dọ́ọ̀tì, mo mọ ohun tí mo máa ṣe. Gbogbo àwa tó ń fi táípù kọ Yorùbá la mọ̀ ọ́n. O máa tẹ ìlà kan tán, wàá yí bébà sókè díẹ̀, wàá padà síbi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, wàá wá máa fò láti ibì kan dé ibòmíràn, o ń ju dọ́ọ̀tì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ bí ẹni ń gbin àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Mo tẹ ìlà ọ̀rọ̀, mo tẹ ìlà dọ́ọ̀tì sábẹ́ rẹ̀, mo pàṣẹ kí àwọn ìlà sún mọ́ra. Ó dára lójú ẹ̀rọ débi pé Fòfó pàtẹ́wọ́, ó ní, "É nyọ́!" Ó dára nìyẹn lédè Ègùn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì gba Kútọ̀nù lọ láàárọ̀ Fúráìdé láti lọ wá ríbọ́ọ̀nù.

Kò tíì pẹ́ tó lọ tí mo tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ jáde. Hẹ́dímásítà ti dé pẹ̀lú bíírò pupa. Ó gba bébà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lèyí? 'Oko ìyàwó yóò dúró ní owó òtún.' Oko! Ọmọ mi ń fẹ́ ọkọ, ẹ fún un lóko. Ṣé kó lọ gbin ẹ̀gẹ́ ni?"

"Sà?"

"Èyí ńkọ́? 'Egbón ìyàwó yóò ka Èkó kìíní.' Èkó! Èkó ṣeé kà? Èmi ti gbébẹ̀, mi ò lè kà á tán!"

Màdáàmù wá wò ó. Ohun tó wá yà wá lẹ́nu ni pé ìlà mìíràn pé pérépéré. "Ìyàwó yóò wọlé pẹ̀lú bàbá rẹ̀," gbogbo dọ́ọ̀tì rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Hẹ́dímásítà ní ìyẹn fi hàn pé mo mọ̀ ọ́n ṣe, ìmẹ́lẹ́ ló kàn ń dà mí láàmú. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fi sí i. Ẹ wá wò ó lójú ẹ̀rọ."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan gíláàsì. Dọ́ọ̀tì pé síbẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ó wà níbí o. Ta ló wá ń jí wọn kó kí wọ́n tó dé orí bébà?"

Mo tún un tẹ̀ jáde. Oko náà ni. Màdáàmù jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga, ó ní, "Títí, ṣé kí n lọ gbé táípù jáde?" Ohùn tó fi sọ ọ́ dùn mí ju ọ̀rọ̀ náà lọ, torí mo mọ̀ pé bó bá gbé táípù jáde, kọ̀ǹpútà ti ń lọ nìyẹn, èmi náà sì ti ń lọ. Ìwà tíṣà ò kúrò lára Hẹ́dímásítà, ó ti jókòó, ó ń fi bíírò pupa fa igi sí iwájú gbogbo ìlà tó burú.

Nígbà tó gbé bébà náà fún mi, mi ò ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́. Igi pupa ni mò ń wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iwájú Ọ ni ó wà, iwájú Ẹ, iwájú Ṣ, iwájú Ọ mìíràn. Kò sí igi kankan níwájú Ì. Kò sí níwájú A, kò sí níwájú B.

Mo kígbe. "Ó rò pé òun ni mò ń bá wí!"

Hẹ́dímásítà fò dìde. "Ta ni?"

"Ẹ̀rọ, sà! Tí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá ní dọ́ọ̀tì nísàlẹ̀, dọ́ọ̀tì yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Ẹ̀rọ sì gbà pé dọ́ọ̀tì tó bá bẹ̀rẹ̀ ìlà, àṣẹ ni. Ó gbé gbogbo ìlà dọ́ọ̀tì yẹn mì!"

Ó wo bébà, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo bébà. "Áà! Ó gbọ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì. Kí la wá máa ṣe fún un?"

"A máa sún gbogbo ìlà kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri, sà. Àlàfo kan ṣoṣo, àti ọ̀rọ̀ àti dọ́ọ̀tì."

Ó fa àga mọ́ mi, ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sí mi létí kí n má baà fo ìkankan, èmi ń tẹ àlàfo. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sún mọ́ ọn. Hẹ́dímásítà ló fa bébà náà yọ. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó gbé bébà súnmọ́ imú.

"Ọkọ," ló wí. "Ọkọ gidi."

Màdáàmù bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi gèlè nu ojú. Kí oòrùn ọ̀sán tó rọlẹ̀, a ti tẹ gbogbo rẹ̀ sórí sitẹ́ńsùlù, òun fúnra rẹ̀ ló sì yí ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà.

Wọn ò pè mí síbi ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n mo lọ. Mo jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Màdáàmù wà ní ìlà tó wà lẹ́yìn mi, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ Ègùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí wọ́n dá orin, ìyá náà fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé ètò ìsìn, ó ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ó kọ ẹsẹ kan tán láìṣìṣe. Ó kọjú sí mi.

"Ọmọ, ta tẹ ìwé yìí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ? Yorùbá kì í ṣe èdè ìyá tèmi o. Dọ́ọ̀tì nísàlẹ̀ yẹn ló máa ń sọ fún mi bí mo ṣe máa la ẹnu. Ìwé ìgbéyàwó mìíràn, kò sí dọ́ọ̀tì níbẹ̀, mo máa ń pa ẹnu mọ́ ni. Lónìí mo kọrin."

Ó gba ọwọ́ mi, ó wo àwọn ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Màdáàmù ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó nà síwájú láàárín wa, ó ní, "Òun ni, mà. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Kò ní lọ síbì kankan, ẹ̀rọ ẹ̀ náà ò sì ní lọ síbì kankan."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n ilé Ọlọ́run la wà. Mo kọ ẹsẹ tó kù sókè ju gbogbo ìjọ lọ, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ orin kọ.