Glenys, Ọkọ̀ Rẹ̀ àti Àádọ́rin Ọdún

Ọgbọ̀n ọdún ni Glenys Hebden fi wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Whitby, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tó pé àádọ́rin ọdún, ọlọ́pàá gbé ọkọ̀ onílé, èyí tó ní ibùsùn nínú, tí òun àti Clive, ọkọ rẹ̀, fi ń rìnrìn àjò sórí ìwọ̀n.

"Màmá, tọ́ọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ ni láísẹ́ǹsì yín gbà báyìí. Ọkọ̀ yìí fi irínwó kílò jù ú lọ."

"Irọ́ ni! Ṣé ọjọ́ ìbí ló gba ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ mi?"

"Ẹni tó bá pé àádọ́rin ọdún gbọ́dọ̀ mú ìwé dókítà wá kó tó lè wa ọkọ̀ tó wúwo tó báyìí. Ẹ ò lọ rí dókítà nígbà tí ẹ tún un gbà."

Clive wolẹ̀. Òun ló bá a tún un gbà lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí kò ti sí àyè fún ìwé dókítà. "Mo ní kó lè tètè yá ni."

"Yá kẹ̀? Ìwọ tí o ò mọ ọkọ̀ wà!"

Àbúrò Glenys, tí kò tíì pé àádọ́rin ọdún, ló wa ọkọ̀ náà délé. Nígbà tí dókítà fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ara rẹ̀ le, Clive nawọ́ láti bá a fi ránṣẹ́.

"Fọwọ́ kàn án, kí o rí i!" Inú ṣì ń bí Glenys bó ṣe ń gbé fọ́ọ̀mù náà lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ fúnra rẹ̀.